Thomas Hunt Morgan: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi kantíkantí wá ìdí àjogúnbá

Kò sí ilé tí wọ́n ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọn kò mọ kantíkantí. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bá ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tí èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kòkòrò kékeré olójú pupa yìí yóò ti dé, ẹnì kankan kò sì ní í mọ ibi tó gbà wọlé. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lé e dànù. Ṣùgbọ́n ní ìlú New York, ní nǹkan bí ọdún 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ ní tirẹ̀. Inú ìgò wàrà ló ń sìn wọ́n sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń bọ́ wọn, ó ń ka ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ iye wọn sílẹ̀. Thomas Hunt Morgan ni orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Nígbà tó fi máa jáde láyé ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1945, ohun tí aráyé mọ̀ nípa ìdí tí ọmọ fi ń jọ òbí rẹ̀ ti yí padà láti ìpìlẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjogúnbá ló gbé Morgan dé ìdí iṣẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ni bí ẹyin kan ṣoṣo, tí kò ní orí, tí kò ní ẹsẹ̀, ṣe ń di odidi ẹ̀dá tó lójú, tó nímú, tó sì ní ọpọlọ lágbárí. Ó wá ìdáhùn náà títí, kò rí i. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba ọ̀nà mìíràn lọ, ọ̀nà náà ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ohun tó jọni lójú jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé kantíkantí tó sìn nítorí ọ̀rọ̀ àjogúnbá ló padà wá dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀. Inú ọpọlọ kòkòrò náà sì wà lára ibi tí ìdáhùn ọ̀hún ti hàn kedere jù.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1866 ni wọ́n bí Morgan ní ìlú Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé ńlá ni wọ́n bí i sí. Francis Scott Key, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni bàbá àgbà ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Charlton Hunt Morgan, ti ṣe aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà rí ní ìlú Messina ní ilẹ̀ Ítálì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, John Hunt Morgan, jẹ́ ọ̀gágun fún àwọn ará Gúúsù tí wọ́n jagun nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ogun ti parí ní ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó bí Thomas. Owó ìdílé náà ti ń gbẹ, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun láti máa sọ̀rọ̀ ògo àtijọ́. Ọmọdékùnrin yìí kò bá wọn dá sí i. Ẹyin ẹyẹ ló ń ṣà kiri, òkúta tí àpá ẹ̀dá ayé àtijọ́ wà lára rẹ̀ ló ń kó wálé.

Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀ Kentucky ní ọdún 1886, ó sì lọ sí Yunifásítì Johns Hopkins, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1890. Aláǹtakùn inú òkun ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà. Ní ọdún 1891 ó di olùkọ́ ní Bryn Mawr, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó sì lo ọdún mẹ́tàlá níbẹ̀.

Ìrìn àjò kan tó rìn ní ọdún 1894 ló gbé ìbéèrè rẹ̀ ga. Ó lọ sí ibùdó ìwádìí ẹ̀dá òkun ní ìlú Naples, ní Ítálì, ó sì bá Hans Driesch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣiṣẹ́ pọ̀. Driesch ti ṣe ohun kan tó ya gbogbo ayé ìmọ̀ lẹ́nu. Ó mú ẹyin ẹran òkun kan, ó dúró títí ẹyin náà fi pín sí méjì, ó ya sẹ́ẹ̀lì méjèèjì nípa. Èrò àwọn èèyàn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di ìdajì ẹ̀dá. Dípò bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan di odidi. Bí ìdajì bá lè di odidi, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló mọ gbogbo iṣẹ́ ilé. Kí ló wá ń sọ fún èyí pé kó di awọ ara, tó sì ń sọ fún ìyẹn pé kó di ọpọlọ? Morgan padà sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn. Ó gé ekòló sí wẹ́wẹ́ láti wo bó ṣe ń hu orí tuntun, ó sì kọ odindi ìwé nípa bí ẹ̀dá ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó jáde ní ọdún 1901. Ohun tó rí pọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó ń darí rẹ̀.

Ní ọdún 1904, Edmund Wilson, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pè é wá sí Yunifásítì Columbia ní New York. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Lilian Vaughan Sampson, obìnrin onímọ̀ tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Bryn Mawr. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí.

Ẹni tó bá mọ Morgan nígbà náà kò ní í gbà pé òun ni yóò di bàbá ìmọ̀ jíìnì. Wọ́n ti tún iṣẹ́ Gregor Mendel rí ní ọdún 1900, iṣẹ́ tó ṣàlàyé bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ ní ìlànà tó ṣeé kà. Àwọn kan sì ti ń sọ pé inú kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ni àbùdá wọ̀nyí ń gbé. Morgan kò gbà. Ní ọdún 1909, níwájú àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi àwọn ọmọlẹ́yìn Mendel ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohunkóhun tí wọn kò bá lè ṣàlàyé, ṣe ni wọ́n ń dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún un. Ohun tó bá fojú rí nìkan ló ń gbà gbọ́. Kí á sọ òótọ́, olórí kunkun ni, ṣùgbọ́n olórí kunkun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rí borí òun.

Ìdí tó fi yan kantíkantí kò le. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń ná èèyàn láti sìn ín. Ọjọ́ bíi mẹ́wàá péré ló máa ń gbà kí ẹyin tó di kòkòrò tó ń fò, abo kan sì lè yé ẹyin ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Oríṣi kúrómósómù mẹ́rin péré ló ní. Ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun kòkòrò náà: ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018 tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé inú igbó ilẹ̀ Zimbabwe, níbi tó ti ń jẹ èso igi marula kó tó tẹ̀lé ọmọ aráyé káàkiri. Akẹ́kọ̀ọ́ Morgan kan, Fernandus Payne, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sìn ín níbẹ̀. Inú òkùnkùn ló tì í mọ́ fún ìran mọ́kàndínláàádọ́rin, bóyá ojú rẹ̀ yóò fọ́. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Morgan fúnra rẹ̀ ń wá ìyípadà tó máa ṣàdédé wáyé, ó lo ohun tó lè lò, ọdún méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ lásán. Ó tiẹ̀ ń ráhùn fún àlejò tó wá kí i pé iṣẹ́ òun ti ṣòfò.

Ní ọdún 1910 ni ó rí i. Akọ kan ṣoṣo wà láàárín àwọn olójú pupa, ojú tirẹ̀ sì funfun. Ìtàn kan wà tí ìdílé Morgan máa ń sọ, pé àsìkò tí Lilian ń bímọ ni, àti pé bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọlé wá kí i, kantíkantí olójú funfun ni obìnrin náà kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n tún ní Morgan a máa gbé kòkòrò náà sínú ìgò lọ sílé lálẹ́, kó má baà kú. Àwọn òpìtàn kan ń jiyàn lórí ọjọ́ tí èyí wáyé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé ó tọ́jú kòkòrò náà bí ẹyin ojú.

Ó jẹ́ kí akọ náà gun abo olójú pupa. Ọmọ 1,237 ló bí tí ojú gbogbo wọn pupa, yàtọ̀ sí mẹ́ta kan tó yà sọ́tọ̀. Ó wá jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí gun ara wọn. Nínú ìran àwọn ọmọ-ọmọ, ó ka abo olójú pupa 2,459, akọ olójú pupa 1,011 àti akọ olójú funfun 782. Kò sí abo kankan tí ojú rẹ̀ funfun. Èyí ló dá Morgan dúró. Nettie Stevens, obìnrin tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Bryn Mawr, ti fi hàn ní ọdún 1905 pé kúrómósómù ló ń pinnu akọ àti abo. Abo kantíkantí ní X méjì. Akọ ní X kan àti Y kan. Ọmọkùnrin kì í gba X lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló ti ń gbà á. Bí jíìnì ojú funfun bá wà lórí X, bàbá àgbà yóò gbé e fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, yóò fara pamọ́ sábẹ́ ojú pupa tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ ìyá, yóò sì yọ lára ìdajì àwọn ọmọkùnrin wọn. Iye tó kà bá èyí mu tó láti yí i lọ́kàn padà. Ohun tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún kan ṣáájú ni ó wá tẹ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 1910 gẹ́gẹ́ bí àbájáde ìwádìí tirẹ̀. Àwọn tọkọtaya tó ń ṣe àyẹ̀wò AA àti AS kí wọ́n tó ṣègbéyàwó lónìí ń jẹ nínú ìmọ̀ tí irú iṣẹ́ yìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Yàrá tí gbogbo èyí ti wáyé kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 ní ìbú àti 23 ní gígùn lọ. Tábìlì mẹ́jọ ni wọ́n há mọ́ra síbẹ̀. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti kan gba gbogbo rẹ̀, aáyán ń sáré kiri, ìgò wàrà sì tò lọ bẹẹrẹbẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ ń pe Morgan ní Ọ̀gá, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a jiyàn bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì bínú. Calvin Bridges jẹ́ ọmọdé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbà láti máa fọ ìgò. Ìgò tó fẹ́ fọ̀ ló wò tó fi rí kantíkantí tí ojú rẹ̀ pọ́n yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, Morgan sì fún un ní tábìlì tirẹ̀. Alfred Sturtevant pa iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ tì ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1911, ó kó ìwé ìṣirò tí wọ́n ti ṣe lọ sílé, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti ya àwòrán bí àwọn jíìnì ṣe tẹ̀lé ara wọn lórí kúrómósómù X. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, àwòrán náà sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Ní ọdún 1915, Morgan, Sturtevant, Bridges àti Hermann Muller tẹ ìwé kan jáde tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dùn bí oyin nínú yàrá náà. Muller gbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀ pé wọn kò fún òun ní iyì tó tọ́ fún àwọn èrò tí òun mú wá. Òun náà padà gba ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ ní ọdún 1946, lẹ́yìn tó ti fi hàn pé ìtànṣán X-ray ń ba jíìnì jẹ́. Lilian, ìyàwó Morgan, padà sí ìdí ìwádìí nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà díẹ̀, ó sì ṣe àwárí ńlá kan ní ọdún 1922 nípa kúrómósómù X méjì tó so pọ̀ mọ́ra. Síbẹ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ní ipò ìwádìí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó kan àwọn aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Lásìkò náà, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń fi orúkọ ìmọ̀ jíìnì polongo pé ẹ̀yà kan sàn ju èkejì lọ, àti pé ó yẹ kí wọ́n dá àwọn kan dúró láti má bímọ. Morgan yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín wọn. Ní ọdún 1925 ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyàtọ̀ tí èèyàn ń rí nínú ìwà lè ti ibi ìtọ́dàgbà àti àyíká wá, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ohùn rẹ̀ ìbá sì túbọ̀ ròkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wúwo jù nínú ìmọ̀ yìí, àwọn tó sì ń polongo kiri kò sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láti ọdún 1914 sí 1917, irú kantíkantí kan yọ jáde ní yàrá yẹn tí etí ìyẹ́ rẹ̀ ṣá, bí ẹni pé wọ́n fi eyín gé e. Wọ́n pe jíìnì rẹ̀ ní Notch. Abo nìkan ni wọ́n ń rí tó ń gbé e kiri. Akọ tó bá jogún rẹ̀ kì í jáde nínú ẹyin rárá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń pa ọmọ, wọ́n sì tẹ̀síwájú. Ẹni kankan nínú wọn kò mọ̀ pé ìbéèrè tí Morgan gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti Naples ló wà nínú ẹyin tí kò pa yẹn.

Ní ọdún 1928, Morgan ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ California láti dá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Caltech. Ó kó Bridges àti Sturtevant lọ́wọ́ lọ. Ọdún 1933 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nítorí ìmọ̀ jíìnì. Kò lọ síbi ayẹyẹ náà ní oṣù Kejìlá. Oṣù Kẹfà ọdún 1934 ló tó lọ sọ̀rọ̀ ní Stockholm. Owó tí wọ́n fún un, ó pín in fún àwọn ọmọ tirẹ̀, àwọn ọmọ Bridges àti àwọn ọmọ Sturtevant.

Ọdún 1934 yẹn náà ló tẹ ìwé kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní ìmọ̀ ọlẹ̀ àti ìmọ̀ jíìnì. Nínú rẹ̀ ló ti gbé ìbéèrè àtijọ́ jáde. Bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì bá ní jíìnì kan náà, ṣé gbogbo jíìnì náà ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà gbogbo ni, àbí ọ̀wọ́ kan ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí òmíràn á gba iṣẹ́ lọ́la, bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà? Boris Ephrussi, onímọ̀ kan tó wá láti Faransé, sọ fún un pé orúkọ ìwé náà ń tan èèyàn jẹ, nítorí pé kò so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀. Morgan rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún orúkọ ìwé náà kà: ṣé kò rí ìmọ̀ ọlẹ̀ níbẹ̀ ni, àbí kò rí ìmọ̀ jíìnì? Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Abẹ́ òrùlé Caltech náà ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Donald Poulson, ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, fi maikirosikóòpù wo inú ẹyin Notch tí kò pa. Ní ọdún 1937 àti 1940 ó kọ ohun tó rí: níbi tó yẹ kí awọ ikùn wà, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti ti iṣan ìmọ̀lára ló kún ibẹ̀ bámú. Ọlẹ̀ náà ti sọ awọ rẹ̀ di ọpọlọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, jíìnì kan pàtó wà tí a lè nàka sí pé òun ló ń bá wọn dá ọ̀rọ̀ ta ni yóò di ọpọlọ àti ta ni yóò di awọ. Kò sí àmì pé Morgan fi èyí ṣe ohun bàbàrà. Ẹ̀dá òkun ló padà sí ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ó gba aráyé ní ọgọ́ta ọdún sí i láti rí ìyókù. Nínú ọlẹ̀ kantíkantí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó wà papọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè di ìyá fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní neuroblast. Jíìnì Notch ló ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn lágbọ̀ọ́yé. Ọ̀kan á yọrí, á sì ránṣẹ́ sí àwọn tó yí i ká pé kí wọ́n fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kí wọ́n di awọ. Bí Notch kò bá sí, kò sẹ́ni tó gbọ́ràn, gbogbo wọn á di ìyá. Ohun tí Poulson rí gan-an nìyẹn.

Ìyá-sẹ́ẹ̀lì tó yọrí yìí kì í pín sí méjì ọgbọọgba. Bó bá pín, apá ńlá á ṣì jẹ́ ìyá, á lè tún bí òmíràn. Apá kékeré á di ọmọ, ọmọ náà á sì pín lẹ́ẹ̀kan péré sí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì. Kí pípín náà tó parí, ìyá á ti kó àwọn purotéènì kan jọ sí apá ibi tí ọmọ yóò ti jáde, bí ẹni di ẹrù fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ. Numb, Prospero àti Brat ni orúkọ mẹ́ta nínú wọn. Ẹrù yìí ló ń sọ fún ọmọ pé kó má ṣe bímọ mọ́ bí ìyá rẹ̀. Bí ẹrù kò bá dé ọwọ́ ọmọ, wàhálà dé. Ní ọdún 2006, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ mélòó kan fi hàn pé ìdin tí kò ní Brat máa ń ní ìyá-sẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ jaburata nínú ọpọlọ: ọmọ kọ̀ láti di ọmọ, gbogbo wọn ń pín, ọpọlọ sì di kókó jẹjẹrẹ. Bridges ti rí ìbátan ìṣòro yìí kó tó kú ní ọdún 1938, lára ìdin kan tó ń sanra rọ̀pọ̀tọ̀ tí kì í di kòkòrò tó ń fò títí yóò fi kú. Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni Elisabeth Gateff tó rí i pé jẹjẹrẹ ló wà lọ́pọlọ irú ìdin bẹ́ẹ̀, àti pé bí wọ́n bá gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú kantíkantí mìíràn, yóò máa dàgbà títí yóò fi pa onítọ̀hún.

Ìbéèrè tí Morgan kọ sínú ìwé ní ọdún 1934 ni Chris Doe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oregon wá kàn ní ọdún 2001. Ìyá-sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń bí oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ètò ìbí wọn ló sì ń pinnu irú èyí tí wọ́n jẹ́. Yorùbá tó ń jẹ́ Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá kò ní í rí ohun tó ṣòro nínú èyí: ipò tí ọmọ fi wá sáyé ló fún un ní orúkọ. Jíìnì Hunchback ló máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àkọ́bí ń bọ̀, Krüppel á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Pdm á tẹ̀lé e, Castor á sì bọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi agbára mú Hunchback kó má lọ, àkọ́bí ni ìyá náà á máa bí ṣáá. Ọ̀wọ́ kan lónìí, òmíràn lọ́la, bí Morgan ṣe béèrè. Àwọn sẹ́ẹ̀lì méjì tí ọmọ kékeré yẹn bí pàápàá dà bí ìbejì tó yàtọ̀ síra, ohun tó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni Notch: ó ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀kan, Numb sì dí i lọ́nà lára èkejì.

Èyí kò dúró sọ́dọ̀ kòkòrò. Èèyàn náà ní jíìnì Notch, ìṣìṣe rẹ̀ sì ti hàn lára ju ìdajì àwọn aláìsàn tó ní irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń ṣe ọmọdé àti ọ̀dọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2004 ṣe fi hàn. Ní ọdún 2002, wọ́n rí jíìnì tó ń mú kí orí àwọn ọmọ kan kéré gan-an láti inú oyún nítorí pé ọpọlọ wọn kò dàgbà tó. ASPM ni wọ́n pè é, ara orúkọ jíìnì kantíkantí tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tẹ àwòrán odidi ọpọlọ àgbà kantíkantí jáde, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ 139,255 àti bí wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn.

Ìran akọ olójú funfun ọdún 1910 kò tíì parun. Ní ilé ìpamọ́ kantíkantí tó wà ní ìlú Bloomington, ní ìpínlẹ̀ Indiana, wọ́n ṣì ń sìn àwọn tó jogún ojú rẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Ẹni tó bá fẹ́ ti jíìnì tuntun bọ inú ẹyin kantíkantí láti wo ohun tí yóò ṣe nínú ọpọlọ, ẹyin olójú funfun ló sábà máa ń lò, yóò sì fi jíìnì ojú pupa kún ohun tó ń tì bọ̀ ọ́. Bí ọmọ tó jáde nínú ìran tó tẹ̀lé e bá ní ojú pupa, onítọ̀hún mọ̀ pé iṣẹ́ ti wọlé.